Awọ Ẹsẹ̀ Alága

Kílófàá tẹ imú mọ́ àpótí gíláàsì náà títí èémí rẹ̀ fi bò ó. Àwọn ará ilé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ohun tó rí tí kì í bèèrè ohun tó fà á. Inú àpótí ni Alága wà, alángbá ńlá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń sìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀, Alága á máa mi orí bí ẹni tó ń darí ìpàdé tí kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Alága ń bọ́ awọ. Ti ẹ̀yìn ti bọ́, ti ìrù ti bọ́, ṣùgbọ́n ti ìka ẹsẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́, ó ń fún ìka náà bí òwú tí wọ́n so le. Kí ló fà á? Aago kékeré tó ń sọ bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó nínú àpótí ní kò séwu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé bí ara Alága bá dá ṣáṣá, ó lè gbé e lọ síbi àfihàn sáyẹ́ǹsì ilé ìwé lọ́jọ́ kejì.

"Fà á kúrò jàre," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í wí. "Awọ tó ti kú, kí ló fẹ́ dùn ún?"

Kílófàá mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n òun ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe. Ṣùgbọ́n àfihàn ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó fà á. Awọ bọ́, èékánná kan bá a lọ, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rántí lójijì pé ìyá òun ń pe òun.

Kílófàá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe bá a. Alángbá ò kúkú lè rojọ́. Ṣùgbọ́n bó ti rí i tó ń gbé ẹsẹ̀ náà sókè, àánú ṣe é, ojú sì tì í. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìwọ tó máa ń bèèrè títí orí á fi fọ́ wa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí bó ti ń fi oògùn nu ẹsẹ̀ náà, "ọjọ́ tó yẹ kó o bèèrè gan-an lo panu mọ́. Abèèrè kì í ṣìnà o. Níbo lo gbé aago yìí sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi ni, Bọ̀dá. Ibẹ̀ ni mo ti lè máa rí i láti ìdí tábìlì mi."

"Ṣé ibẹ̀ ni Alága ń gbé?"

Alága kì í kúrò lórí òkúta abẹ́ gílóòbù tó ń mú àpótí náà gbóná. Kílófàá gbé aago náà síbẹ̀, ó ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀, ooru ń gòkè, ọ̀rinrin ń já wálẹ̀, títí ẹnu fi yà á. Nínú àpótí kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀rùn wà níhìn-ín, òjò wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló mú kí awọ ìka náà gbẹ mọ́ ọn lára.

Wọ́n gbé gílóòbù sókè díẹ̀, wọ́n sì tẹ́ aṣọ tútù sínú ike tó lẹ́nu ọ̀nà. Alága wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí awọ àwọn ìka yòókù fi rọ̀, tí ó bọ́ láìsí ẹni tó fà á.

Ọwọ́ òfo ni Kílófàá gbé lọ síbi àfihàn. Ó sì kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹlòmíràn, ibi tí onítọ̀hún wà ni kó ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ibi tó rọ òun lọ́rùn. Ohun tí kò bá yé e, kó bèèrè kó tó fọwọ́ kàn án, nítorí ẹ̀bẹ̀ kì í mú èékánná hù.