Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Tí Ìyá Abọ́sẹ̀dé Rà

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ayé ìgbà yẹn kì í ní táyà. Ó máa ń léfòó ni, ó sì ní ọpọlọ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọpọlọ-irin. Ojú ń bẹ níwájú rẹ̀, ojú ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí olè bá sá, ọlọ́pàá kì í sáré mọ́. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò ju okùn-mànàmáná. Bí ó bá bà ọ́ láti òkèèrè, wàá ṣubú, wàá sùn díẹ̀, wàá jí sí àtìmọ́lé. Bí ọkọ̀ náà bá ti sìn títí, ìjọba á tà á fún ẹni tó bá fẹ́.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé fẹ́. Ẹja gbígbẹ ló ń tà ní ìlú Àgbàlá-Oòrùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọkọ̀ tó fi ń kó ẹja náà ti kú. Ó ní ti ọlọ́pàá lòun máa rà, torí irin rẹ̀ nípọn.

Kúforíjì, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, ló tà á fún un. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Mo ti fọ ọpọlọ rẹ̀. Gbogbo ojú olè tó mọ̀, gbogbo ẹjọ́, mo ti nù ún dànù."

Bàbá Adégòróyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú, mirí. "Ìyàwó wa, bí ajá ọdẹ bá kó lọ sílé tuntun, eyín rẹ̀ náà ló máa gbé wọ ibẹ̀."

"Bàbá, ẹja ni mo fẹ́ fi kó. Òórùn ẹja á lé ìwà ọlọ́pàá kúrò lára rẹ̀."

Òótọ́ sì ni, ọkọ̀ náà kó ẹja títí, kò bú ẹnikẹ́ni, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ọjà ní irọ́ ni, èyí kì í ṣe ti ọlọ́pàá rárá.

Ìgbà tó yá, àwọn àna wá tọrọ Abọ́sẹ̀dé. Akínfẹ́nwá lorúkọ ọkọ ìyàwó, ọmọkùnrin tó ń jórin lára ilé ojú-ọ̀run. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìyá Abọ́sẹ̀dé fọ ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán, ó gbé e sí àárín àgbàlá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó sínú rẹ̀ bí ọba. Ó ní kí wọ́n wá kí òun níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ irú ilé tí wọ́n wá.

Alága tó ń darí ètò na ìka sí wọn. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ súnmọ́ ìyá yín! Ẹ dọ̀bálẹ̀! Àyà yín ò tíì kanlẹ̀ o!"

Akínfẹ́nwá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nà gbalaja síwájú ọkọ̀.

Iná pupa tàn lórí ọkọ̀. Ohùn kan jáde: "Wọ́n ti túúbá. Ẹni tó bá dìde, ó ń sá."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà alága ni. Alága náà rẹ́rìn-ín: "Ẹ ò rí i? Ọkọ̀ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi!"

Inú Ìyá Abọ́sẹ̀dé dùn. "Dìde, ọmọ mi. Mo ti gbà ọ́."

Akínfẹ́nwá dìde. Okùn-mànàmáná bà á láyà. Ó ṣubú, kò mira mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ fẹ́ fò dìde. Kúforíjì, tó wá jẹun níbẹ̀, lọgun: "Má dìde! Ẹni tó wà nílẹ̀, kó wà nílẹ̀! Ẹni tó dúró, kó má ṣe kúnlẹ̀!"

Bàbá Adégòróyè dojú kọ ọ́. "O ní o ti fọ ọpọlọ rẹ̀!"

"Ìrántí rẹ̀ ni mo fọ̀, Bàbá. Èyí kì í ṣe ìrántí, bí wọ́n ṣe dá a nìyí. Nílùú àwọn tó ṣe é, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn. Ẹni tó bá nà sílẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ níwájú ọlọ́pàá ti túúbá. Bí ó bá tún dìde, sísá ló fẹ́ sá."

"Ìwọ, ọmọ tí wọ́n bí síbí, o ò rò ó? Àwọn ọlọ́pàá tó ń lò ó, wọn ò rí i?"

"Bàbá, ta ní í dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́pàá níbí? Sísá la máa ń sá."

"Jí ọmọ yìí!"

Kúforíjì ò lè wo ojú rẹ̀. "Òkèèrè ni wọ́n ṣe okùn náà fún. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ gan-an ló wà nígbà tó bà á. Ó ti kú."

"Nígbà náà, pa ọkọ̀ yẹn!"

"Ọlọ́pàá nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tó ń pa á. A ti ránṣẹ́ sí wọn."

Abọ́sẹ̀dé ṣì wà nínú yàrá, ó ń retí kí wọ́n pe ìyàwó jáde.

Ìyá Akínfẹ́nwá rìn kọjá láàárín àwọn tó nà sílẹ̀, ó dúró ti ọmọ rẹ̀. Ìyá Abọ́sẹ̀dé jáde nínú ọkọ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má kúnlẹ̀, Mà!" ni Kúforíjì kígbe.

Ó na orúnkún padà.

"Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ fún ọ," ni Ìyá Akínfẹ́nwá wí. "Ìwọ náà, kúnlẹ̀ fún mi."

Ìyá Abọ́sẹ̀dé wo ojú ọkọ̀ náà. "Ẹ jọ̀ọ́," ló sọ, lórí ìdúró.

Ìyá Akínfẹ́nwá ò dúró gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó gbọ́ ohun tí Kúforíjì sọ, ó mọ̀ pé òun ò ní lè dìde. Kò bìkítà.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé dúró.