Ìlẹ̀kùn Fáíbà Alhaji Sàkàrìyáù

Funfun báláú ni Sọ̀fíyù nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ní Grand Marché, ọjà ńlá kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Eruku fáíbà, ike líle tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kùn, ti bo irun, ìpéǹpéjú àti irùngbọ̀n rẹ̀, ojú nìkan ló ń ṣẹ́. Qoreebah, tó ń bá bàbá rẹ̀ tajà níbẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá arúgbó, ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Tína ni, ìyàwó bàbá arúgbó."

"Ta ni ìyàwó ẹ? Ah, pardon o!"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tína, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, tó yẹ kó lò fún oṣù kan, ojoojúmọ́ ló wá ń rà á. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, kò tíì pé ọdún méjì tó ń kun fáíbà ní àdúgbò Dougouba. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ àwọn méjèèjì lára. Àmọ́ Alhaji Sàkàrìyáù, bàbá Qoreebah, kọ̀ jálẹ̀.

"Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí mi ò mọ ìwà ẹ̀," ó ní. "Wọ́n ní o mọṣẹ́, àbí? Wá kun ìlẹ̀kùn fáíbà tuntun tí mo rà sílé mi ní N'Gattakro. Tó bá dáa, a óò sọ̀rọ̀."

Fáíbà tuntun máa ń ní ìda lára. Tína lèèyàn kọ́kọ́ fi ń nù ún kúrò, kó tó fi sáńpépà ha á, kó tó kun ọ̀dà àkọ́kùn. Sọ̀fíyù mọ èyí bí ẹni mọ Fátíhà. Ṣùgbọ́n Qoreebah dúró lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, orí bàbá arúgbó rẹ̀ dàrú pátápátá! Sáńpépà ló kọ́kọ́ gbé, ó sì ha ìda wọ inú fáíbà kó tó kun ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ìda.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dà ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́.

"Qoreebah!" Alhaji pariwo. "Irú ọ̀dà wo lo tà fún un? O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́jà? O ò ní jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́!"

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Sọ̀fíyù ń wò. Tó bá dákẹ́, ọ̀dà ló máa jẹ̀bi, Alhaji á sì ní kó tún un kun. Èṣù ní kó dákẹ́ lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Sọ̀fíyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ dákun, ọ̀dà ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣìṣe. Mi ò nu ìda kúrò kí n tó ha á. Tí ẹ bá máa lé mi, ẹ lé mi. Ẹ má bá Qoreebah wí."

Alhaji wọlé lọ. Sọ̀fíyù ha ọ̀dà náà kúrò pátápátá. Ó fi tína nù ún, ó ha á, ó dí gbogbo ihò wẹ́wẹ́, ó kun àkọ́kùn, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó kun ọ̀dà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí nǹkan kan fún un.

Alhaji fi èékánná ha ìlẹ̀kùn náà títí. Ọ̀dà rẹ̀ kò ṣí.

"Ọmọ mi fẹ́ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, o ò gbà," ó ní. "Ìwà tí mo ń wá nìyẹn. Pe àwọn ará ilé ẹ, kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó."

Sọ̀fíyù tún dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Qoreebah ló sáré jáde sí i.

"O ṣé o, olólùfẹ́ mi."

"Kí lo ń dúpẹ́ fún? Iṣẹ́ tí mo bàjẹ́?"

"Pé o ò jẹ́ kí èmi nìkan rù ú. Láti òní lọ, ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, àwa méjèèjì la máa jọ tún un ṣe."