Ọkọ̀ Ìyálẹ̀ta

Lẹ́búlẹ́bú igi ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ó wà nínú irun ọkùnrin náà, ó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì bo èjìká ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni pé inú pákó ló sùn mọ́jú. Ó há pákó pẹlẹbẹ kan sí abíyá, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ kejì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rọra ti ẹrù màmá arúgbó kan tó wà níwájú rẹ̀, kí màmá má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí èrò bá sún síwájú.

Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi wò ó láti ẹ̀yìn dígí, ó rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó kàn án, ọkùnrin náà tẹ orí sí ihò dígí.

"Ẹ kú ìyálẹ̀ta o," ni ó wí. "Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹ jọ̀ọ́."

Díẹ̀ ló kù kí tíkẹ́ẹ̀tì já bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin. Ta ló tún ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀ láyé òde òní? "Ẹ káàárọ̀" ni gbogbo ayé ń wí títí oòrùn fi ń kan àtàrí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù: ìyálẹ̀ta, ìgbà tí òwúrọ̀ ti ń palẹ̀ mọ́, tí ọ̀sán kò sì tíì jókòó.

Ẹgbẹ́ kan ló wà lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀ Òòjọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò mọ ojú ara wọn rí, ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Lójoojúmọ́, ẹnì kan á fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń di ohun ìgbàgbé. Òfin wọn ni pé kí kálukú lo ọ̀rọ̀ náà fún èèyàn ẹlẹ́ran ara kí oòrùn tó wọ̀, kó sì wá ròyìn. Màmá Agbẹ̀bí, tó ti gbẹ̀bí títí ó fi fẹ̀yìn tì, ni olórí. Onímọ́tò wà níbẹ̀, tó máa ń lo ọ̀rọ̀ tuntun láti fi bú àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Onípákó wà níbẹ̀, aláwàdà. Adákẹ́ náà sì wà níbẹ̀, ẹni tí kì í fi ohùn ránṣẹ́ láé. Bó bá ti kan Adákẹ́, á kàn kọ ọ́ pé, "Ẹ fò mí."

Ọmọbìnrin tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni Adákẹ́. Ìyá rẹ̀ tó ti lọ sí ilé Olúwa a máa fi oríkì jí i lówùúrọ̀, oríkì tó kún fún ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ títí ẹnu tó ń kì í fi pa mọ́. Ìdí tó fi wọ ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Ìdí tó fi dákẹ́ níbẹ̀ ni pé akólòlò ni.

Ayé sì máa ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn èrò ọkọ̀, àwọn àbúrò ìyá rẹ̀, gbogbo wọn ló ń bá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ parí. Ti bàbá rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, atukọ̀ tó ń tu ọkọ̀ èbúté náà, tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú. Bó bá ti ní, "Mo f-f-f," bàbá ti ní, "O fẹ́ omi," á sì ti bù ú wá. Nígbà mìíràn kì í ṣe omi ló fẹ́, ṣùgbọ́n omi náà ni yóò mu. Àwọn ará èbúté a máa pòwe pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bàbá kórìíra òwe yẹn. Lójú tirẹ̀, kí ló dé tí ọmọ òun yóò fi làágùn kó tó pe òun, nígbà tí òun ti jẹ́ ẹ kó tó lanu?

"Ẹ k-k-k," ni ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dá oníkíni lóhùn.

"Ẹ kúu kí ni?" obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹ fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká ráyè lọ jàre!"

Ọkùnrin náà gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé etí fèrèsé, ó ń wo ojú ọmọbìnrin bí ẹni tí kò níbi kankan tó ń lọ.

"Ẹ k-kú ìyálẹ̀ta, k-káfíńtà."

"Ẹ ṣeun," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ó dùn lẹ́nu yín ju tèmi lọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Onípákó ròyìn fún ẹgbẹ́ pé ọmọbìnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté ni òun lo ọ̀rọ̀ fún. Adákẹ́ gbé fóònù sétí. Ó mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e: akólòlò ni, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ ni pé, "Ó ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wọn wúrà. Èyí tó bá fún èèyàn, kò ní jẹ́ kó sọnù."

Láti ọjọ́ náà ni káfíńtà ti ń gba ojú omi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ òòjọ́ ló sì ń fi pa ọmọbìnrin náà lẹ́rìn-ín. Bí ọmọbìnrin bá ní, "K-káfíńtà, irun yín ti f-funfun," á ní, "Ọjọ́ ogbó mi ni mò ń dán wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ máa lè fara dà á." Ní gbogbo ìgbà, bí ọ̀rọ̀ bá há ọmọbìnrin lọ́fun, kì í bá a fà á yọ. Á dúró ni. Lórí fóònù, Màmá Agbẹ̀bí bi í pé, "Onípákó, ṣé ọ̀rọ̀ lò ń kọ́ ni, àbí ọ̀nà ilé àna?"

Adákẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ fún un, nítorí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni láti ẹ̀yìn ògiri, ó dùn, ṣùgbọ́n kò mọ́. Ó kàn ń dá ọjọ́ sí i ni, ọjọ́ sì ń lọ.

Òwúrọ̀ kan wá, òtútù mú, ìkùukùu bo odò. "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn," ni káfíńtà wí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ọ̀rọ̀ òòjọ́ nìyẹn. Ọmọbìnrin fẹ́ kí òun náà fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà há. Ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú, omi lé sójú rẹ̀. Káfíńtà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí.

Ohun tí bàbá rí nìyẹn bó ṣe ń ti inú ọkọ̀ bọ̀: ọmọ òun ń jìyà, ọkùnrin kan sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gbẹ́ni! Ṣé ọmọ mi lo fi ń ṣe ìran wò?"

"Rárá o, Bàbá, ẹ má bínú, mo kàn ń..."

"O kàn ń kí ni? O rí i tó ń rì, o ò na ọwọ́ sí i! Má jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ nínú ọkọ̀ mi mọ́."

Káfíńtà tẹríba. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó gba ọ̀nà afárá tó jìn réré lọ.

Nílé, ọmọbìnrin gbìyànjú nídìí oúnjẹ. "Bàbá, k-káfíńtà yẹn kò..."

"Kò ní padà wá mọ́," ni bàbá wí, ó bu ẹran kún abọ́ rẹ̀. "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi."

"Kì í ṣe b-b..."

"Kì í ṣe bàbá ẹ ni yóò gbà á láyè. Jẹun."

Ó jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí fóònù, ó bá ohùn Onípákó níbẹ̀, kò sí àwàdà nínú rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, mo ti ṣẹ àgbàlagbà. Bóyá ọmọbìnrin náà rò pé ẹlẹ́yà ni mo ń fi òun ṣe láti ìgbà yìí wá, tí mi ò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni màá gbọ́ kẹ́yìn, kí n tó kúrò nínú ẹgbẹ́."

Màmá Agbẹ̀bí bẹ̀ ẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé, "Adákẹ́, ìwọ ló kàn lọ́la. Ṣé ká fò ọ́ bí ìṣe wa?"

Ọmọbìnrin gbàdúrà tó pẹ́. Ọlọ́run ṣáà ni kò nílò kí ó sọ ọ́ já geere. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé, "Ẹ má fò mí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí èrò tó dé, ó jókòó nínú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì, ó gbé fóònù sẹ́nu. "Èmi ni A-Adákẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ni à... à... à..."

Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú okùn ọkọ̀ lọ́rùn. Ó lanu láti bá a parí rẹ̀. Ó pa á dé. Ó tún lanu. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, kò sí ohun tí bàbá rẹ̀ lè ṣe ju kó dúró, kó gbọ́.

"Àfẹ́sọ́nà. Ẹni tí a ti f-fẹ́, tí kò tíì wọlé. Ó ṣì wà lọ́nà. Onípákó, èmi ni mò ń ta t-tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Mo ti ń gbọ́ yín láti ọjọ́ ìyálẹ̀ta, mi ò sì sọ. Ẹ d-dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ẹ kò fi mí ṣ-ṣe ẹlẹ́yà. Gbogbo ayé ló ń bá mi p-parí ọ̀rọ̀ mi, nítorí wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ d-dúró gbọ́ ọ." Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ti gbàgbé láti pè é ní ẹ̀yin. "Má gba orí afárá mọ́."

Bó ṣe yíjú padà, ó rí bàbá rẹ̀. Okùn ti bọ́ sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yẹn," ni bàbá wí. "Bí ìyá rẹ ṣe máa ń pè mí nìyẹn, kí n tó gbé e níyàwó. Mo ti gbàgbé rẹ̀." Ó he okùn rẹ̀, ó lọ sídìí ọkọ̀.

Oòrùn ti ń yọ́ ìkùukùu nígbà tí káfíńtà sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Orí afárá ló ti gbọ́ ohùn Adákẹ́, ìdajì ọ̀nà ló sì ti padà. Ó tò bí gbogbo èèyàn ṣe tò, títí ó fi kàn án.

"Ẹ kú ìyálẹ̀ta," ni ó wí. "Tíkẹ́ẹ̀tì méjì."

"T-ta ló ni ìkejì?"

"Àfẹ́sọ́nà mi ló ni ín, bó bá gbà. Ẹ mọ òfin ẹgbẹ́ wa, mo gbọ́dọ̀ lò ó kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo fẹ́ lò ó fún."

"Ẹ dákun, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì lẹ ń rà ni àbí ìyàwó?" obìnrin kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Ìyàwó ni, Màmá," ni káfíńtà dáhùn. "Ẹ bá mi ṣàdúrà."

Ọmọbìnrin ti ilẹ̀kùn yàrá tíkẹ́ẹ̀tì, ó jáde. Ó rìn dé etí omi, níbi tí bàbá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ lé fèrè ọkọ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọba.

"Bàbá," ni ó pè. "Mo f-f-f..."

"Ó fẹ́ wọkọ̀!" ni èrò kan kígbe.

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí fèrè. "Ẹ dákẹ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀."

Omi ń lá ara ọkọ̀. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀ lórí, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀, kò yára, kò ràn án lọ́wọ́. Káfíńtà wà lẹ́yìn pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́, òun náà ń retí.

"Mo f-fẹ́ ẹ, Bàbá."

"Mo gbọ́," ni bàbá wí. Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Káfíńtà, wọlé. Ọlọ́run á bùkún yín. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: má bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láé, bó ti wù kó pẹ́ tó."

"Mi ò jẹ́ dán an wò, Bàbá."

Ọmọbìnrin kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀, káfíńtà tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni bàbá tó fun fèrè. Ọkọ̀ ìyálẹ̀ta pẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bínú.