Ìgò Kejì Nínú Ìkòkò

Ní Ìlaro, lọ́sàn-án Sátidé kan, Tíṣà Adéwùnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìkòkò amọ̀ tó fi ń tọ́jú ínsúlínì ọmọ rẹ̀. Ìkòkò náà tutù ju fíríìjì tí kò ríná lò lọ. Ó fẹ́ yọ ìgò inú rẹ̀ dà nù.

Ọ̀la ni Olúwapẹ̀lúmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àdúrà ti gbà, àtọ̀gbẹ ti lọ. Pásítọ̀ kò ní kó fi oògùn sílẹ̀ o! Adéwùnmí ìyá rẹ̀ ló gbà pé ẹni tó bá ti jẹ́rìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣebí bí Bánjí ẹ̀gbọ́n òun ṣe ṣe nìyẹn? Àtọ̀gbẹ kan náà ló ṣe é. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì sí i lára nílùú òyìnbó, ó wálé wá jẹ́rìí, abẹ́rẹ́ tán.

Láti àná ni Pẹ̀lúmi kò ti gba abẹ́rẹ́. Ó ti ń bì láti àárọ̀.

Adéwùnmí tọwọ́ bọ ìkòkò. Ìgò méjì lọwọ́ rẹ̀ bà.

"Ta ló ni ìkejì yìí?"

"Èmi ni," ni Bánjí wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló dé láti òkè òkun.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n, àtọ̀gbẹ náà ti padà?"

"Kò fìgbà kan lọ tán. Ọdún márùn-ún ni mi ò fi gba abẹ́rẹ́ rárá. Nígbà tó yá, agbára sẹ́ẹ̀lì náà dín kù, mo wá ń gba díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí bí mo ṣe máa ń dákú? Mi ò dákú mọ́! Tàárọ̀ talẹ́ ni mo sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara bá sẹ́ẹ̀lì náà jà."

"Ẹ ò wá sọ fún wa?"

"Mo ti jẹ́rìí, Adéwùnmí. Ojú ń tì mí."

Wọ́n gbọ́ tí Pẹ̀lúmi tún ń bì ní yàrá. Bánjí yára wọlé, ó bá a tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìgbà wo lo gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?"

"Mi ò tíì gbà á láti àná, Ọ́ńkù."

"Ẹ dìde, ilé ìwòsàn yá!"

Dókítà fa omi àti ínsúlínì sí i lára. Ó ní bó bá di ọ̀la ni, ẹ̀pa ì bá má bóró mọ́. Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Pẹ̀lúmi lajú, ó ní, "Màmá, ebi ń pa mí." Adéwùnmí bú sẹ́kún ayọ̀. Ọpẹ́ o!

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bánjí tún jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ṣì ń gba abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìgò ínsúlínì rẹ̀ lọ́wọ́. Pẹ̀lúmi na tirẹ̀ náà sókè. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì ń ṣe oore ńlá fún àwọn mìíràn fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá mu, ẹni tó sì ṣe é ṣì ń lo oògùn lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ má ṣe dá ínsúlínì dúró fúnra yín. Bí ọmọ alátọ̀gbẹ bá ń bì tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ máa dúpẹ́, kí ẹ sì máa gba abẹ́rẹ́ yín.