Orin Tí Ṣèyífúnmi Ò Gbọ́ Tán

Ẹsẹ̀ ni Ṣèyífúnmi kọ́kọ́ rí lára Babájídé. Ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ, tí eruku bò, ló yọ jáde lábẹ́ dùùrù ìyá àgbà rẹ̀ ní pálọ̀ ilé wọn ní Ifisin-Ekiti, ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde. Màmá Àbẹ̀ní fúnra wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n ń tẹ dùùrù lọ, bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan nílẹ̀.

"Ìyá àgbà, ta ló wà lábẹ́ yẹn?"

"Ẹsẹ̀ mi ni," màmá dáhùn, wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Dúró ná, jẹ́ ká kọ ọ́ dé òpin. Orin tí a bá gé láàárín, ó máa ń dùn mí."

Dùùrù àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń tẹ̀ lókè tí ẹsẹ̀ ò tẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní dún. Orúnkún màmá sì ti kọṣẹ́ tipẹ́. Nígbà tí Ṣèyí wà ní kékeré, òun ló máa ń wọ abẹ́ rẹ̀, tí á máa fi ọwọ́ tẹ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó rí iṣẹ́ báńkì, dùùrù náà sì yadi. Ọdún méjì ló fi yadi, kó tó di pé Babájídé, ọmọ Oke-Ako tó ń ṣe epo pupa, wá ra ẹyìn lọ́wọ́ màmá, tó béèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó.

Orin parí. Ọ̀dọ́kùnrin náà rọra jáde, ó rí Ṣèyí, ó yára dìde, ó sì fi orí gbá dùùrù gbì.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Ṣèyí wí, ẹ̀rín ti ń pa á. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ mi?"

"Iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ ni mo bá ńlẹ̀," ni Babájídé fèsì, ó ń fọwọ́ pa orí. "Bí ẹ bá fẹ́ gbà á padà, ẹ máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ó kúkú wá. Ẹni tí kì í wálé ju ìgbà Kérésìmesì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mọ́tò Ìbàdàn sí Ifisin ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó ní ìyá àgbà òun ló ń wu òun rí. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ mọ irú obìnrin tí màmá yìí jẹ́? Ọkọ wọn, olùkọ́ Adéoyè, ló kọ́ wọn ní dò-rè-mí, kí ikú tó mú un lọ nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn ò tíì rìn. Ìjọ Áńgílíkà fẹ́ rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ dùùrù sí i lẹ́yìn odi. Màmá ní àwọn ò lè fi ọmọ mẹ́fà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fi orin sílẹ̀ náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń bẹ gbágùúdá lẹ́yìnkùlé, ọmọ kan á máa kọ ohùn òkè, èkejì á gba áátò, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ti fọ́ á gba básì. Ẹni tó bá ṣi orin kọ, òun ni yóò kó èèpo dànù. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ra kíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n fẹ́ fi dùùrù dá iná, màmá ní kí wọ́n gbé e wá bá àwọn nílé.

Abẹ́ dùùrù yẹn ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Babájídé á tẹ ọ̀tún, Ṣèyí á tẹ òsì, màmá á sì máa bú wọn lókè pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, afẹ́fẹ́ ò tó! Ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀!" Nígbà tó di oṣù kẹfà, Babájídé di ọwọ́ Ṣèyí mú lábẹ́ ibẹ̀.

"Ṣèyí mi, mi ò ní ilé alájà, mi ò sì lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ, Jídé mi," ni Ṣèyí wí, ó sì dá a lójú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tí dùùrù dákẹ́.

Ìṣòro wá wà nílé. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ẹlúyẹmí, àkọ́bí màmá, tó ń gbé ní Ìbàdàn, gbọ́ ọ, ó fárígá.

"Elépo? Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Kánádà, ìwọ ń wá elépo lọ sí Oke-Ako! Màmá mi ló sì ń gbè ọ́ lẹ́yìn. Ó yá, mú fóònù rẹ. Ká ohùn rẹ ránṣẹ́ sí màmá níṣojú mi, kí n gbọ́ ọ pé o ti bá a parí."

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. Ṣèyí wo ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó gbé fóònù sẹ́nu.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Jídé kó má dúró dè mí. Eré ni mo ń bá a ṣe. Irú òun kọ́ ni mo lè mú wọ ilé bàbá mi."

Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìyá àgbà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá òun ni, àti pé tó bá di ọ̀la, òun á pe Jídé, àwọn á jọ fi rẹ́rìn-ín. Ohun tó gbàgbé ni ohun tí gbogbo Ifisin mọ̀: ojú màmá ò rí fóònù mọ́. Jídé ló ń ṣí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí wọn. Jídé ló ń gbé e sétí wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èsì màmá wọlé sórí Wasáàpù. Ṣèyí tẹ̀ ẹ́, dùùrù ló gbọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màmá máa ń fi orin ránṣẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń ṣe: á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á pa á, á kọ "Ẹ ṣé, ìyá àgbà" ránṣẹ́. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Jídé, kò gbé e. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbé e. Ìgbéraga wọ̀ ọ́. Ó ní bí elépo bá lè ṣe báyìí sí òun, bóyá òótọ́ ni bàbá òun ń sọ. Kò pe Jídé mọ́. Ìtìjú ò sì jẹ́ kó wálé. Oṣù ń gorí oṣù, orin màmá ń wọlé, ó ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, màmá kú. Wọ́n sùn, wọn ò jí.

Ní ìdí sàréè, ẹgbẹ́ akọrin gbé orin. Ọ̀gbẹ́ni Ẹlúyẹmí la ẹnu láti gba áátò, bó ṣe máa ń gbà á nídìí gbágùúdá ní kékeré, ohùn ò jáde. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Babájídé wà láàárín àwọn akọrin. Kò wo ọ̀dọ̀ Ṣèyí.

Lọ́sàn-án, nígbà tí èrò ń jẹun níta, Ṣèyí bá a ní pálọ̀, ó ń fi aṣọ bo dùùrù.

"Jídé, o ò gbé ìpè mi. O ò sì pè mí padà."

"Ọwọ́ mi ni fóònù màmá wà, Ṣèyí. Ohun tí o sọ nípa mi, èmi ni mo ṣí i."

Ṣèyí figbe ta. "Bàbá mi ló jókòó tì mí! Mi ò ní i lọ́kàn!"

"Màmá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì dá ọ lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ gbé ìpè rẹ, àfi tí o bá kọ́kọ́ kọ̀wé fèsì sí ohun tí wọ́n sọ. Mo rí i pé o gbọ́ ọ, àmì rẹ̀ di búlúù. O kọ 'Ẹ ṣé.'"

"Orin ni wọ́n fi ránṣẹ́!"

"Ṣé o gbọ́ ọ dé òpin?"

Ṣèyí mú fóònù rẹ̀, ó wá orin náà jáde. Dùùrù dún, ó dún títí, ó parí. Lẹ́yìn náà ni ohùn màmá wọlé.

"Ṣèyí, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé Ẹlúyẹmí ló jókòó tì ọ́. Ṣùgbọ́n Jídé ti gbọ́ o. Ó fẹ́ máa lọ ulé, mo ní kó kọ́kọ́ bá mi tẹ ẹsẹ̀ dùùrù, kínú rẹ̀ lè rọ̀. Sọ fún un fúnra rẹ pé o ò ní i lọ́kàn. Mo ti ní kó dúró. Mo ní ọmọ mi á sọ ọ́."

Ṣèyí gbé ọwọ́ lé orí. "Ṣé o dúró?"

"Mo dúró fún ọdún kan gbáko. Mo ń wá tẹ dùùrù, mo ń ká orin sínú fóònù ránṣẹ́ sí ọ, mo ń retí." Ohùn Babájídé rẹlẹ̀. "Ìdílé Ìbùkún, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ gbé níyàwó, ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ti gba ìdána wa lóṣù tó kọjá. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí, Ṣèyí. Mi ò lè já a sílẹ̀."

"Rárá. Má já a sílẹ̀," ni Ṣèyí wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ká aṣọ dùùrù kúrò, ó jókòó sórí àpótí màmá. Babájídé kúnlẹ̀, ó wọ abẹ́ dùùrù, bó ti ṣe wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ríra.

Orin tó wà nínú fóònù yẹn, tí màmá ti kọ́ ọ ní kékeré, ni Ṣèyí tẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé tó bá parí, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á dìde. Ṣùgbọ́n kò gé e. Ó tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

Babájídé jáde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Ṣèyí."

"Ó dàbọ̀, Jídé. Kí ilé rẹ tù ọ́."

Ó gbọ́ tí ọ̀kadà rẹ̀ gba ọ̀nà Oke-Ako lọ. Ó dúró títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́, ó fi ìka kan tẹ dùùrù. Kò dún.