Ajá Tó Ń Fi Imú Pe Ọ̀gá Rẹ̀

Ọ̀gá Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìfági rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú omi kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dìgbà tí wọ́n sọ fún un kó tó mọ̀ pé kì í ṣe omi.

"Tanímọ̀la!"

Ọmọ ajá náà ti ká ìrù mọ́ ikùn, ó ti wọ abẹ́ àga lọ. Ọkùnrin náà fà á jáde, ó ti imú rẹ̀ mọ́ ìtọ̀ náà, ó sì gbá a nídìí.

"Ṣé o ò mọ̀nà ìta ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti kíṣìnnì. "Ẹ nà án lánàá, ẹ nà án níjẹta. Kí ló yí padà?"

"Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Olóríkunkun ni!"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe ń pariwo lọ. Ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lagi ló ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá iwájú ilé di ibi tó ti ń kan àga. Àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn, ilé sì dá páropáro. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní Tanímọ̀la ni ara rẹ̀ tó yá. Bó bá ń fá igi, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ajá náà máa ń sùn sí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tó gbé ọmọ wá kí wọn kẹ́yìn.

"Bàbá mi, ẹ má bínú," ló wí. "Ọmọ ọmọ yín ti ń rákòrò báyìí, ohun tó bá sì ti rí nílẹ̀, ẹnu ló ń kó o lọ. Ìgbẹ́ ajá lè ní aràn nínú. Bí ilẹ̀ yìí bá ṣì rí báyìí, ilé wa lẹ ó ti máa wá wò ó o. Tàbí kẹ́ ẹ fi ajá yìí ta ẹlòmíì lọ́rẹ."

Ta ni yóò fi ajá ṣáájú ọmọ ọmọ rẹ̀? Ọ̀gá Káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tí yóò gbà á.

Ìyàwó rẹ̀ ló ní, "Ká tó lé e, ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Bí dókítà ẹranko tó wà nípẹ̀kun àdúgbò ṣe dé nìyẹn, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó wo ajá náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó jókòó.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọ?"

"Mo ń nà án. Mo sì ń fi imú rẹ̀ kan ohun tó ṣe, kó lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ má rí òun nígbà tóun bá ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Tanímọ̀la ti dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké kín-ín, kín-ín. Ìyàwó ilé fẹ́ dìde, dókítà fọwọ́ dá a dúró. Ajá náà tún ké. Ọ̀gá Káfíńtà kọ̀yìn sílẹ̀kùn, ó ń bá àròyé rẹ̀ lọ nípa ajá aláìgbọràn. Nígbà tó sú Tanímọ̀la, ó yí po, ó lóṣòó, ó tọ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ nígbà tó ń pè yín?"

"Ta ló pè mí?"

Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìlagi ti ba etí Bàbá jẹ́, tí kì í fi í gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́. Kò kàn sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ ni, títí kan Bàbá fúnra rẹ̀.

"Ṣé pé ó ti ń sọ fún mi látọjọ́ yìí?" ló bi wọ́n wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ń sọ," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ ò rí i bí? Ajá ń pe ọdẹ, ọdẹ ni kò gbọ́!"

Bàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó fa ajá náà mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lórí.

"Ó dáa," ni dókítà wí, "ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ ní èdè tí ara yín máa gbọ́. Bó bá ti jí, bó bá ti jẹun, bó bá ti ṣeré tán, ẹ mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sí i. Bó bá ti fi imú kàn án, ẹ ṣílẹ̀kùn kíá, ẹ mú un lọ síbì kan náà lójoojúmọ́. Bó bá ṣe tán, ẹ yìn ín níbẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ sì fún un ní nǹkan díẹ̀ jẹ. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ máa fi ọwọ́ yín jìnnà sílẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, títí tó fi máa wá yín dé ìdí iṣẹ́."

"Tó bá wá tọ̀ sílé ńkọ́?"

"Ẹ nù ún, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kí òórùn má ṣẹ́ kù. Ẹ má nà án. Ọmọdé ni."

Ọ̀gá Káfíńtà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbínú fági, igi á ya mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn jù ú lọ. Ó fi sùúrù yẹn kọ́ ajá rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Tanímọ̀la gbàgbé, tí wọ́n tún ń wá aṣọ ìnulẹ̀. Ìgbà kan tún wà tó gbọ́n àgbọ́njù: ó kàn ń fi imú kan Bàbá nítorí kó lè lé labalábá níta. Dókítà ní kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ níbi ìtọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kí wọ́n mú un padà wọlé láìsí eré. Kò pẹ́ tí ọgbọ́n yẹn fi tán.

Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin wọn tún dé, orí itan ló gbé ọmọ rẹ̀ sí, ó dì í mú ṣinṣin. Bàbá ń fi ìfági dán ẹsẹ̀ àga lọ ní tirẹ̀.

Tanímọ̀la dìde lórí ẹní rẹ̀. Ó kọjá lára àlejò, ó kọjá ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì tí òórùn ẹran díndín ti ń jáde, kò wo ìyẹn. Ó lọ tààrà bá Bàbá, ó fi imú tútù ti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. "Mo ti gbọ́, ọkọ mi. Ó yá ká lọ."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Ó rí i tí ajá náà lọ síbi ọgbà, tó ṣe tirẹ̀ níbẹ̀. Ó sì gbọ́ bàbá rẹ̀ tó ń ki ajá bí ẹni ń ki ọba: "Tanímọ̀la ọmọ ọlọ́gbọ́n! Ajá tó ń sọ̀rọ̀ láìlanu! Ta ló tó ọ?"

Nígbà tí wọ́n wọlé padà, bàbá yọ àyà síta, ajá yọ àyà síta. Èèyàn ò mọ èwo nínú wọn ló ń yangàn jù.

"Bàbá mi, ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?"

"Èmi náà ni! Àmọ́ òun ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó kọ́ mi pé etí mi ò gbọ́ràn mọ́. Ìwọ náà bá mi wá ọjọ́ tá a jọ máa lọ rí dókítà etí."

Ọmọbìnrin náà rọra gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí itan, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó mọ́ lóló. Ọmọ sì gbéra, ó ń rákòrò lọ bá bàbá àgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, bí ọmọ ajá bá ń dọ̀tí ilé, ẹ má tètè pè é ní olóríkunkun. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ṣì kéré, kò lè mú un mọ́ra pẹ́. Ẹ tètè máa mú un jáde, ẹ fi àmì kan ṣoṣo kọ́ ọ, kí gbogbo ará ilé sì mọ àmì náà. Lílù àti fífi imú rẹ̀ kan ìdọ̀tí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju ìbẹ̀rù lọ. Ẹ tètè kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, ẹ fọwọ́ yín, ẹ fọ ti àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ẹ mú un lọ gba oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ajá tó ti mọlé tẹ́lẹ̀ bá sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ara rẹ̀ lè má yá. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ tó bá sì wá sọ fún yín, ohun tí ì báà wà lọ́wọ́ yín, ẹ dìde.