Bóòtù Ìdí Táǹkì

"Wọlé, jọ̀ọ́, wọlé!" Ọmọbìnrin kan ń bẹ bóòtù bí ẹni ń bẹ ọmọ kékeré pé kó gbé oògùn mì. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, bóòtù kọ̀ jálẹ̀. Ló bá fi sípánà mú un, ó gbé gbogbo agbára lé e. Irin ha irin, bóòtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófìfo. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Abẹ́ alùpùpù bàbá àgbà ló dùbúlẹ̀ sí, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Alùpùpù náà dàgbà ju ìyá tó bí i lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá àgbà fi gbé lẹ́tà kiri lórí rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé bàbá lọ sí ọsibítù, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí ló fún ní kọ́kọ́rọ́, kò fún ẹlòmíràn. "Bá mi tọ́jú ẹ̀," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọmọ yìí débi pé ó gbàgbé orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé: Atú-má-tò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó tú aago ara ògiri, tí aago ọ̀hún kò dún mọ́ títí dòní. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ó sì fẹ́ kí bàbá dé bá táǹkì tó mọ́ tónítóní.

Ohun tó ṣe ni pé ó tú bóòtù tó wà ní ìdí táǹkì, èyí tí wọ́n máa ń tú kí epo tó ti pẹ́ lè dà jáde. Sípánà tó lò tóbi díẹ̀ ju orí bóòtù náà lọ, ó sì jẹ orí rẹ̀ róbótó. Ojú tì í, ó sọ bóòtù sínú gọ́tà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, ó lọ ra tuntun tó jọ ọ́ bí ìbejì. Kò mọ̀ pé íǹṣì ni wọ́n fi wọn alùpùpù ayé àtijọ́, mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn tòde òní. Ojú lè jọra, kí ìlọ́, ìyẹn ìlà tó yí ara bóòtù po, má bára mu. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ihò ìdí táǹkì ṣe bà jẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yọjú, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Atú-má-tò, o tún ti dé! Ṣé ìyẹn ló ń mú ẹ sunkún? Po ọṣẹ ìfọṣọ, fi dí i. Epo kì í jẹ ọṣẹ. Fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ta ló máa mọ̀?"

"Bí bàbá bá wá mọ̀ ńkọ́, bọ̀ọ̀dá mi?"

"Bàbá tí kò rí ìwé kà láìlo awò?"

Ó mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé e nínú ilé yẹn, kò sì fẹ́ pàdánù ìyẹn. Ó fi ọṣẹ dí i, ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Epo dúró lóòótọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń yọjú wo ìdí táǹkì.

Bàbá dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti yá. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó yí alùpùpù bọ́ sí àgbàlá, ó fọwọ́ pa táǹkì lórí, ó pe gbogbo ilé jọ.

"Ẹ wá wo ọmọ tó mọ nǹkan tọ́jú! Ọmọ mi, o ṣeun. Lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo wà lọ́hùn-ún, ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ̀ pé ìwọ lo wà nídìí ẹ̀."

Ó bu epo sí i. Ó ní kí ìyá àgbà wá gùn ún lẹ́yìn, kí òun gbé ìyàwó òun jáde bíi ti ìgbà èwe. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín, ó gùn ún. Bàbá gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́.

Òórùn epo gba imú ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ wò. Ọṣẹ ti ń já, epo ń kán tó, tó, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Ẹlòmíràn kò tíì rí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, iná ni.

"Bàbá àgbà, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Ó kúnlẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí sípánà títí dórí ọ̀dà. "Ọpẹ́ tí ẹ dá yẹn ò tọ́ sí mi, sà."

Bàbá kọ́kọ́ wo ìyá àgbà, ó wo ilẹ̀ tí epo ti rin. Ó ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. O bà mí nínú jẹ́ gidi. Àmọ́ mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Dìde. Ìwọ lo sọ bóòtù nù, ìwọ lo máa wá òmíràn."

Wíwá náà kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ilé-ìwé, ó lọ bá ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. "Alùpùpù tí wọ́n ti sin ẹni tó ṣe é!" Agbẹ́rin, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní òun lè gbẹ́ ọ̀kan bí òun bá rí ti àtijọ́ wọ̀n. Ọmọ náà sáré padà sídìí gọ́tà, ṣùgbọ́n òjò ti gbé e lọ. Ohun tó fi pa mọ́ kí àṣírí má bàa tú gan-an ló wá di ohun tó ń fi omijé wá. Àánú rẹ̀ ṣe agbẹ́rin, ó júwe obìnrin tó ń ta irin àlòkù fún un.

Ìyá onírin gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, kò bá a wí. Ó kàn so ìró rẹ̀ le, ó ní, "Ó yá, gbé ibẹ̀ yẹn." Ọ̀sán ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú òkìtì irin: ilẹ̀kùn ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì tó ti tẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti bá táǹkì kan tó jẹ́ irú ti bàbá gẹ́lẹ́, bóòtù ṣì wà ní ìdí rẹ̀, ìpẹtà bò ó. Ìyá náà rọ karosíìnì sí i, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó rọra gbá a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tú. Kò gbà ju "ẹ ṣé" lọ.

Agbẹ́rin bu omi kún táǹkì bàbá kí èéfín epo lè jáde tán kó tó fi iná jó irin mọ́ ọn. Ó tún ìlọ́ ihò ìdí rẹ̀ ṣe, ó gé wáṣà awọ sí bóòtù kí epo má bàa jò. Lọ́tẹ̀ yìí, ìka lásán ni ọmọ náà fi yí i wọlé, títí ó fi jókòó.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá àgbà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá onírin, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ẹ ò mọ̀ mí rí. Kí ló dé tí ẹ fi ṣe tó báyìí fún mi?"

Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń wá síbí, ọmọ mi. 'Ó ti kán.' 'Ó ti bà jẹ́.' Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fọwọ́ ara ẹ̀ ba nǹkan jẹ́ rí! Ìwọ dé, o ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo bà á jẹ́.' Mo ní mi ò ní jẹ́ kí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo."

Kò sí ẹni tí kò lè ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, òun nìkan ni yóò máa rù ú, ó sì lè fi í pa ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ yóò rí ẹni bá a gbé e. Ọmọ náà mọ èyí dájú nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, tí bàbá àgbà dúró lójú ọ̀nà, tó sọ̀ kalẹ̀, tó sì ní, "Bọ́ síwájú. Ìwọ ni wàá gùn ún délé."